Ìbéèrè Òǹkàwé: Ojú Ọrùn Mandolin Tó Tẹ́ Pẹrẹsẹ àti Èyí Tó Ṣe Rìbìtì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mandolin (ohun èlò olókùn tó dà bí gìtá kékeré) tí ojú ọrùn rẹ̀, ibi tí a ń fi ìka tẹ okùn mọ́, ṣe rìbìtì díẹ̀ ni mo fi kọ́ títa, ó sì ti mọ́ mi lára. Láìpẹ́ yìí ni mo ra òmíràn tí wọ́n ṣe ní ìlànà àtijọ́, tí ojú ọrùn tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohùn rẹ̀ wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìka ìfábẹ̀lá nìkan tẹ ìsọ̀rí okùn méjì (okùn méjì-méjì ló wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan) pọ̀, òmíràn nínú wọn kì í dún dáadáa, ọwọ́ a sì máa ro mí. Ṣé kí n gbé e fún oníṣẹ́ kó fá ojú ọrùn náà di rìbìtì ni, àbí kí n tà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tà á, ẹ má sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irinṣẹ́ kan ojú ọrùn náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ti pọ̀ tó. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ojú ọrùn rìbìtì dà bí ẹ̀là kan tí a gé lára òbìrìkítí tí ó jẹ́ íǹṣì 12 láti àárín dé etí. Níbi nut, ègé kékeré tó gbé okùn dúró lókè ọrùn, níbi tí ọ̀pọ̀ mandolin ti fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 28 péré, àárín ojú ọrùn bẹ́ẹ̀ kò ga ju etí rẹ̀ lọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà lọ. Kódà níbi fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn) kejìlá, tí ọrùn ti fẹ̀ sí i, ó fi díẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ ni. Òótọ́ ni pé ojú ọrùn fayolíìnì, tí a ń yí okùn rẹ̀ sí ohùn kan náà pẹ̀lú ti mandolin, ṣe rìbìtì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nítorí kí ọrun tí a fi ń ta á lè kan okùn kọ̀ọ̀kan láìkan èkejì ni. Pick, ègé pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń ta okùn mandolin, kò nílò irú àyè bẹ́ẹ̀. Àwọn mandolin F-5 tí ilé iṣẹ́ Gibson ṣe lábẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ wọn, Lloyd Loar, láàárín ọdún 1922 sí 1924, tí àwọn oníṣẹ́ òde òní ṣì ń wò ṣe tiwọn, pẹrẹsẹ ni ojú ọrùn wọn.

Èrò mi ni pé nǹkan mìíràn ló ń yọ yín lẹ́nu jù. Mandolin tí wọ́n bá ṣe ní ìlànà àtijọ́ sábà máa ń ní ọrùn tóóró àti fret tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ga, ọwọ́ tó ti mọ fret ńlá yóò sì fura sí ìyàtọ̀ náà kíákíá. Ẹ yẹ nut náà wò pẹ̀lú. Ẹ tẹ okùn kan mọ́ fret kẹta, kí ẹ wá wo àlàfo tó kù láàárín okùn náà àti fret kìíní: ó yẹ kó kéré débi pé agbára káká ni bébà kan yóò fi gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ihò tí okùn jókòó sí lára nut kò jìn tó, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí ìka máa ro ènìyàn. Iṣẹ́ kékeré ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe láti tún un ṣe.

Ní ti ìka ìfábẹ̀lá, ibẹ̀ ni rìbìtì ti ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́, nítorí pé ìka kì í fẹ́ nà gbọnrangandan fúnra rẹ̀. Lórí ojú pẹrẹsẹ, okùn tó bá bọ́ sí abẹ́ oríkèé, níbi tí ẹran ti rọ̀ tó sì kó wọnú, kò ní rí ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ sún ìka sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ kí oríkèé náà má bàa bọ́ sórí okùn, ẹ yí i díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àtàǹpàkò, níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn fret gẹ́lẹ́. Ẹ má fi àtàǹpàkò fún ọrùn náà pinpin. Apá ni kó fà á wá, kì í ṣe àtàǹpàkò. Ọwọ́ tó mú pick náà yóò ní tirẹ̀ láti kọ́: gbogbo okùn ti wà ní ìpele kan náà báyìí, nítorí náà pick lè máa kọlu èyí tí ẹ kò pè. Títa díẹ̀díẹ̀, láìkánjú, ni yóò wo ìyẹn sàn.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ fá a lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mọ̀ pé gbogbo fret ni wọn yóò tú, tí wọn yóò fá igi náà, tí wọn yóò sì fi fret tuntun sí i. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ gbẹ́ orí bridge (igi tó gbé okùn dúró lórí ara mandolin) àti nut kó bá rìbìtì náà mu, nítorí bí bridge bá wà ní pẹrẹsẹ, okùn àárín yóò sún mọ́ fret jù, wọn yóò máa han, nígbà tí ti etí méjèèjì yóò ga jù. Bí mandolin náà bá jẹ́ ogbólógbòó tó níye lórí, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lè dín owó rẹ̀ kù. Ní ti irú ìyẹn, tí ọwọ́ yín bá kọ̀ ọ́ pátápátá, ó sàn kí ẹ tà á bó ṣe wà.