Ẹ Bi Wá: Ṣé ojú ló ń tan ìmọ́lẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni mò ń kọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé láìsí ìmọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ríran. Mo lu ihò sára páálí bàtà, mo fi ọsàn sínú rẹ̀, mo dé e, mo ní kí wọ́n máa yọjú wò ó. Gbogbo wọn ló ní àwọn rí ọsàn! Ọ̀kan tiẹ̀ ní ojú òun ló ń tanná sí i. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? — Olùkọ́ kan, Lagere, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ìmọ́lẹ̀ wá ń dà yín láàmú! Nǹkan méjì ló bà á jẹ́. Àwọn ọmọ rí yín nígbà tí ẹ ń gbé ọsàn sínú páálí. Ohun tí ọmọdé bá ti mọ̀ ló máa sọ, kì í ṣe ohun tó rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ṣeré ná, kí ẹ tó fi nǹkan mìíràn sí i: ṣíbí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ife funfun.

Èkejì, páálí yín ń jò. Ìmọ́lẹ̀ náà ń jò bí omi, etí ọmọrí àti igun páálí ló sì máa ń gbà wọlé. Ẹ fi ojú ara yín wò ó kọ́kọ́: ẹ lẹ ojú mọ́ ihò, kí ẹ kọ páálí sí fèrèsé. Ibi tó bá ń funfun wínníwínní, ibẹ̀ ni kí ẹ dí. Sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara ò lè ṣe é, ìmọ́lẹ̀ á gba ara rẹ̀ kọjá. Téèpù dúdú táwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà dúdú lẹ gbogbo inú páálí, torí pé inú tó bá funfun máa ń ta ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé káàkiri. Ihò ìwòran, ní ẹ̀gbẹ́ tó kúrú, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Lórí ọmọrí, lápá ibi tó jìnnà sí ihò, ẹ fi abẹ gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ilẹ̀kùn kékeré kan, sẹ̀ǹtímítà 5 níbùú àti lóòró, kó lè máa ṣí, kó sì máa padé. Àgbà ni kó di abẹ mú. Kí ọmọ lẹ ojú mọ́ ihò pẹ́kípẹ́kí, kó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú.

Tó bá ti ní, "Mi ò rí nǹkan kan," ẹ má ṣàlàyé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn níwọ̀n ìka kan, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i látòkè. "Ife ni!" Ẹ pa á dé, ife á pòórá. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wá bi í pé: "Ojú rẹ ò kúrò níbẹ̀. Kí ló wá yí padà?"

Ẹ má bá ọmọ tó ní ojú òun ń tanná jà. Èdè wa gan-an ló kọ́ ọ: a máa ń tajú kán rí èèyàn lójú ọ̀nà, bí ẹni pé ojú ń ta ọfà. Euclid, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, gbà bẹ́ẹ̀ náà. Ibn al-Haytham, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọmọ bíbí ìlú Basra ní ilẹ̀ Iraq, tako irú èrò yẹn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó bá le jù máa ń dun ojú, ìyẹn ni pé láti ìta ló ti ń wọlé. Fún àwọn tó bá ti tó ọdún méje, ẹ fa òwú láti ẹnu tọ́ọ̀ṣì dé ara ife, kí ẹ tún fà á láti ara ife wá sí ihò. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nìyẹn. Àwọn ọmọ yín ṣì kéré fún un.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní tí iná bá lọ, tí òun bá dúró díẹ̀, òun á ríran nínú òkùnkùn. Ó ní ojú ológbò wa náà ń tanná. Ṣé irọ́ ló ń pa ni? — Ìyá kan, Iléṣà

Ìdáhùn: Rárá o. Òkùnkùn yàrá kì í ṣú tán: òṣùpá ń gba fèrèsé wọlé, iná jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọlójú, ihò dúdú tó wà láàárín ẹyinjú, kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ nínú oòrùn, ó sì lè fẹ̀ tó 7 tàbí 8 nínú òkùnkùn. Ẹ̀yìn ẹyinjú ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n nínú páálí tí kò jò, bó dúró di ọ̀la, kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kó rí i lára ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Kí onítọ̀hún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí pé ẹyinjú wa dúdú, ọmọlójú ò sì hàn dáadáa níbi tó ṣókùnkùn. Kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú méjèèjì, kó ka 1 dé 20, kó ṣí i. Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọlójú á sún kì.

Ní ti ológbò, awọ kan wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Ewúrẹ́ àti ajá ní in, àwa ò ní in. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín, ẹ tan án sí i, ojú rẹ̀ á kọ mànà. Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ó tán. Tanátaná ló ń dá ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi oòrùn ṣe é bí kò bá sí tọ́ọ̀ṣì? — Bàbá kan, Modákẹ́kẹ́

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó, ẹ ṣáà ṣí ilẹ̀kùn páálí lábẹ́ ibòòji. Àmọ́ kí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Kó má gba ihò náà wo oòrùn, kó má sì fi láílọ́ọ̀nù dúdú tàbí awò dúdú wò ó. Ẹ̀yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora: ó lè ti jó kí ọmọ tó mọ̀.