Àǹtí, ṣé DBT yìí ń ṣiṣẹ́ àbí kí n má fi àsìkò mi ṣòfò?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ láti Leeds tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọmọ ọdún 26 ni ọ́, iṣẹ́ kéà lò ń ṣe, alẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi ọ́ sí. O ní bí ẹni tí o fẹ́ràn bá kàn fà sẹ́yìn díẹ̀, ńṣe ni àyà rẹ máa ń gbóná bí iná ààrò, àti pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí o ti ń ṣe ara rẹ léṣe kí iná náà lè rọlẹ̀. Dókítà ti wá pe orúkọ rẹ̀ ní borderline personality disorder, àìsàn tí ìmọ̀lára fi máa ń le ju agbára ẹni lọ, wọ́n sì ní kí o wá gba ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní DBT (dialectical behaviour therapy), ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu, fún odidi ọdún kan. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ní òun lọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju iṣẹ́ àṣetiléwá bíi ti ọmọ ilé ìwé. Ẹlòmíì ní òun ì bá ti kú bí kì í bá ṣe DBT. Mọ́mì ní àdúrà ló kù. O fẹ́ mọ ẹni tí wàá gbọ́ tiẹ̀.

Kí n tó dáhùn: bó bá jẹ́ alẹ́ òní gan-an ni nǹkan le, má dúró de ìtọ́jú kankan. Ní England, pe 111 kí o sì tẹ 2. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ló ń gbé e, tọ̀sán tòru. Samaritans, ẹgbẹ́ tó máa ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, wà lórí 116 123, ọ̀fẹ́ ni. Bí o bá ti ṣe ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ, 999 ni kí o pè.

Ó yá. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ohun náà kì í sì í ṣe ayọ̀. Torí kí ọwọ́ lè dúró nígbà tí àyà bá ń jó ni wọ́n ṣe é.

Marsha Linehan ló gbé e kalẹ̀ ní Yunifásítì Washington tó wà ní Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ní 2011, obìnrin náà sọ ní gbangba pé òun náà ti sùn sí ọsibítù ọpọlọ nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 17, tí òun ń ṣe ara òun léṣe. Nínú ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1991, obìnrin 44 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún kan. Àwọn tó gba DBT kò ṣe ara wọn léṣe tó àwọn yòókù tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀, wọn kò pẹ́ tó wọn ní ọsibítù, wọn kò sì sá kúrò nínú ìtọ́jú bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìnírètí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. Ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì ti lè jọ máa sọ òótọ́ nìyẹn. Ẹni tó lọ wá ayọ̀ níbẹ̀ lè máa bínú lóṣù kẹfà, kí ẹni tó lọ dá ọwọ́ ara rẹ̀ dúró sì máa dúpẹ́.

Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ní 2009, ìwádìí kan jáde láti Toronto, èèyàn 180 ni: apá kan gba DBT, apá kejì gba ìtọ́jú dókítà ọpọlọ tó létò, tó sì ń rí wọn déédéé. Apá méjèèjì ló sàn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn dọ́gba. Nítorí náà, bí ibi tí o wà kò bá ní DBT gidi, ayé kò parẹ́. Ní ti oògùn, ìlànà ìtọ́jú ti England fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má fi oògùn tọ́jú borderline gẹ́gẹ́ bí àìsàn. Bí wọ́n bá fún ọ, ó yẹ kí ó jẹ́ nítorí nǹkan mìíràn tó bá a rìn. Béèrè nǹkan náà lọ́wọ́ wọn.

Wàyí o, ohun tí wọ́n ń pè ní DBT pọ̀, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni DBT. Ojúlówó rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Èkíní, ìwọ àti olùtọ́jú kan ṣoṣo, bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀. Èkejì, kíláàsì ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn mìíràn, bíi wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n sì sábà máa ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó sọ ọ́ di ọdún kan nìyẹn. Ẹ̀kẹta, fóònù tí o lè pe olùtọ́jú rẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹrin kò kàn ọ́ ní tààrà: àwọn olùtọ́jú gbọ́dọ̀ máa pàdé ara wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí iṣẹ́ náà má bàa mu wọ́n lómi. Bi wọ́n ní ojúkojú pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ní. Kíláàsì nìkan ni ọ̀pọ̀ ibi máa ń fúnni. Ìyẹn náà wúlò, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó ní o ti ṣe DBT, kò sì ṣiṣẹ́ fún ọ.

Kíláàsì ni mo pè é, kíláàsì náà ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ṣe ara rẹ̀ léṣe níbẹ̀, nítorí pé ìfẹ́ rẹ̀ lè tara ẹni kan ran ẹlòmíì. Ìwọ àti olùtọ́jú rẹ nìkan lẹ máa sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jáde, torí mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ kí o má lọ bá ọmọ Yorùbá kan pàdé níbẹ̀.

Káàdì kan wà tí wọn yóò fún ọ. Alaalẹ́ ni wàá máa fi nọ́ńbà láti 0 dé 5 kọ bí ó ṣe wù ọ́ tó láti ṣe ara rẹ léṣe, bí ìbínú, ìtìjú àti ìbànújẹ́ ṣe pọ̀ tó, àti ẹ̀kọ́ tí o lò. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á jókòó sí yàrá ìdúró-de-dókítà, wọ́n á fi ìṣẹ́jú méjì ro ọjọ́ méje pọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ 3, 3, 3. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, òwúrọ̀ kí o tó sùn ni kí o máa kọ tìrẹ.

Bí o bá ṣe ara rẹ léṣe lọ́sẹ̀ kan, òun ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ ló wà ní ẹnu rẹ. Ẹ máa tú u ní kókó-kókó. O ṣe wákàtí 12 lóru, o ò jẹun. Agogo mẹ́jọ, o fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Agogo mẹ́sàn-án, àmì búlúù ti dé, èsì kò dé. O ní lọ́kàn rẹ, “Ó ti rí ẹlòmíì.” Ìtìjú. O ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni èyí tí a ń sọ. Ó máa ń sú èèyàn, àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ ti bàjẹ́. Ibi oúnjẹ tí o kò jẹ gan-an ni ó yẹ kí o bẹ̀rẹ̀, nítorí kókó tó rọrùn jù láti tú nìyẹn.

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ ibẹ̀, ọ̀kan wà tí o lè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pè ọ́: omi tútù. Bu omi sínú abọ́ ńlá, fi yìnyín díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kí ó má tutù kọjá 10°C. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, dá èémí dúró, tẹ ojú bọ̀ ọ́ láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí o kà tó 30. Ara á rò pé o ti rì sínú odò, á sì dín eré ọkàn rẹ kù. Àwọn tó ní kò ṣiṣẹ́, ọrùn àti ọwọ́ ni wọ́n ń bu omi sí. Abẹ́ ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ni iṣẹ́ náà. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́, nítorí náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú èémí: fà á sínú kí o kà á dé 4, tú u jáde kí o kà á dé 6, fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bí o bá ní àìsàn ọkàn, bí o bá ń febi pa ara rẹ, tàbí bí GP rẹ bá fún ọ ní propranolol fún àyà jíjá, má ṣe ti omi yìí láì bi dókítà, nítorí oògùn yẹn náà ń fa eré ọkàn sẹ́yìn.

Nígbà tí nọ́ńbà rẹ bá wà ní 4 tàbí 5 ni omi wà fún. Ní ìwọ̀n yẹn, kò sí ọgbọ́n tí orí lè rò. Ẹni tó bá ń wádìí bóyá òótọ́ ni pé ọkùnrin náà ti rí ẹlòmíì nígbà tí ara rẹ̀ wà ní 5, ẹ̀rí tó máa dá a lẹ́bi nìkan ló máa rí. Ó di 2 kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ó sì di ọjọ́ tí ara bá wà ní 1 kí o tó fi ẹ̀kọ́ dánra wò, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í kọ́ ìlùwẹ̀ẹ́ nígbà tí omi bá ti gbé ni.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tó máa ń bí àwọn ará ilé wa nínú: gbígba ohun tó ti ṣẹlẹ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní, ṣé “gba kámú” náà kọ́ nìyẹn? Rárá. “Gba kámú” tí wọ́n ń sọ fún wa sábà máa ń túmọ̀ sí pé kí o nu ojú rẹ, kí o má dá wa láàmú mọ́. Èyí kò ní kí o má sunkún. Kí o dẹ́kun bíbá àná jà ló sọ, kí agbára tó kù lè ṣe tòní. Linehan tilẹ̀ sọ pé àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ara wọn tètè ń gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá dàgbà láàárín àwọn tó ń ní “kí ló tó bẹ́ẹ̀?” Kò túmọ̀ sí pé Mọ́mì ló fà á. Wọ́n lè ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Mọ́mì tí wọ́n ń sọ tìrẹ nínú ẹgbẹ́ àdúrà: ẹ̀kọ́ wà fún ìyẹn náà, àwọn òyìnbó pè é ní DEAR MAN, ìlànà bí a ṣe ń béèrè ohun tí a fẹ́. Kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì fi ẹ̀bi kún un: “Mọ́mì, lọ́jọ́ Sunday ẹ sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà pé mo wà ní ọsibítù.” Lẹ́yìn náà bó ṣe rí lára rẹ: “Ojú tì mí, mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.” Lẹ́yìn náà ohun tí o fẹ́ gan-an: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ara mi láì bi mí.” Lẹ́yìn náà èrè rẹ̀: “Tẹ́ ẹ bá bá mi ṣe é, màá lè máa sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún yín.” Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé, tún ẹ̀bẹ̀ kan náà sọ. Kí o sì fi àyè sílẹ̀: wọ́n lè ní kí wọ́n gbàdúrà fún ọmọ àwọn láì sọ ohun tó ń ṣe é. Ohun kan ni mo máa yí padà nínú ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n máa ń ní kí o wo ojú ẹni náà kí o lè dà bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú. Má wo ojú ìyá rẹ gán-ún. Ohun tí wọ́n á gbọ́ ni ìwọ̀sí, wọn ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kúnlẹ̀ bó bá yẹ, kí ohùn rẹ má gbọ̀n. Ó tó.

Bí Mọ́mì bá ní ẹ̀sìn àjèjì ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ, òótọ́ ni pé Linehan mú ẹ̀kọ́ ìfọkànsí-nǹkan láti inú Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà, òun náà sì jẹ́ Kátólíìkì. Ní kíláàsì, kíkíyèsí èémí àti ohun tó wà níwájú rẹ ni. Wọn kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Àdúrà àti DBT kò jà.

Òfin méjì wà tí kò yẹ kó bá ọ lójijì. Bí o bá ṣe ara rẹ léṣe tán, o kò ní lè pe olùtọ́jú rẹ lórí fóònù ìrànlọ́wọ́ fún wákàtí 24, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Kì í ṣe ìkà. Wọ́n fẹ́ kí o pè kí o tó ṣe é ni, kí ara má bàa kọ́ pé ẹ̀yìn ìpalára ni ìtùnú wà. Èkejì ni pé ẹni tó bá pa ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra wọn jẹ, yálà ní kíláàsì tàbí lọ́dọ̀ olùtọ́jú, ti jáde nínú ètò nìyẹn títí àdéhùn rẹ̀ á fi parí.

Òfin kejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù fún ọ ju àìsàn náà lọ. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ kíláàsì máa ń bọ́ sí, ìwọ sì lè ti ṣiṣẹ́ mọ́júmọ́. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé, béèrè ọjọ́ àti aago kíláàsì. Mú un lọ bá ọ̀gá rẹ kí wọ́n tó ya rota oṣù tó ń bọ̀, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi ọ́ sí alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. Òfin Equality Act ti 2010 lè gbà ọ́ láyè láti béèrè irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ bí àìsàn náà bá ti pẹ́ tó sì ń dí ọ lọ́wọ́. Lẹ́tà láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú rẹ yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, kò sì pọn dandan kí o sọ orúkọ àìsàn náà fún gbogbo ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó káàdì rẹ jọ, ka iye ìgbà tí nọ́ńbà dé 4 tàbí 5 tí ọwọ́ rẹ sì dúró, kí o fi wé oṣù àkọ́kọ́. Má bi ara rẹ bóyá inú rẹ ti ń dùn. Ìyẹn lè ṣì pẹ́ díẹ̀.