Kì í ṣe iye tí ẹ ń rí ni Excel ń rò pọ̀

Ìbéèrè: Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Àkúrẹ́. A pín èrè ₦100,000 dọ́gbadọ́gba fún ọmọ ẹgbẹ́ méje. Excel ní àpapọ̀ jẹ́ ₦100,000.00, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ìṣirò ro ohun tí mo tẹ̀ jáde, ₦99,999.97 ni. Bẹ́ẹ̀, mo ti gé gbogbo rẹ̀ sí ojú méjì lẹ́yìn pọ́ìǹtì. Wọ́n ti ń wò mí bákan nínú ìpàdé. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Ọjà Ọba ní fáírọ́ọ̀sì ni, kí n sanwó kó fi Excel mìíràn sí i. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀ kan. Ó ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe ń fi fáírọ́ọ̀sì tí kò sí gbowó lọ́wọ́ àwọn akápò.

Ẹ ò tíì gé nǹkan kan. Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ yẹn, ohun tí ojú ń rí nìkan ló ń tún ṣe. 14,285.71 lẹ rí, 14,285.7142857143 ló wà nínú àpótí (cell), òun náà sì ni Excel ń rò pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi kún ojú tó ń hàn lẹ́yìn pọ́ìǹtì, ẹ ó rí ìyókù rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ =ROUND(100000/7,2) sínú àpótí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló ń sún iye náà gan-an sí kọ́bọ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ẹ má fi sí àpapọ̀ nìkan o, 100,000 náà ni yóò tún gbé fún yín. Àpapọ̀ yóò wá di 99,999.97, kọ́bọ̀ mẹ́ta á ṣẹ́kù. Kí ìgbìmọ̀ pinnu ibi tí yóò lọ, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Ẹnì kan lè ní kí ẹ tan “Set precision as displayed”, ètò inú Excel tó ń gé iye inú àpótí gan-an sí ohun tí ojú ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láìní ẹ̀dà fáìlì yín níbòmíràn: ohun tó bá gé dànù kì í padà mọ́.

Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ò lè tọ́jú 0.1 bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn kéré ju ohun tó lè gbé kọ́bọ̀ mẹ́ta jáde nínú ìwé yín lọ.

N ò rí fáìlì yín o. Bí ìyàtọ̀ bá wọ náírà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà kan fara mọ́ apá òsì àpótí, torí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ lásán ló wọlé, SUM, àṣẹ tí Excel fi ń ro àpapọ̀, á sì fò ó. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ pe ayẹ̀wé-owó-wò kí ẹ tó buwọ́ lùwé.