Ẹ Bi Wá: Aáyán Tí Mo Ń Sìn Ò Bímọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Mo ní alángbá bearded dragon kan nílé, owó aáyán tó ń jẹ ti wá pọ̀ jù fún mi, mo wá ra aáyán dubia kí n lè máa sìn ín fúnra mi. Inú ike ńlá ni mo kó wọn sí, mò ń fún wọn ní kárọ́ọ̀tì, mo sì ń wọ́n omi sí wọn lára lójoojúmọ́ kí òùngbẹ má baà gbẹ wọ́n, àmọ́ ó ti lé lóṣù mẹ́ta báyìí mi ò rí ọmọ kankan, ike yẹn tún ti ń rùn. Lánàá mo rí ọ̀kan tó funfun báláú, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó má lọ kó àrùn ran àwọn tó kù. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni ṣíṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, dá èyí tó funfun yẹn padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kíákíá, kò sóhun tó ń ṣe é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ ni, bí gbogbo wọn ṣe máa ń rí nìyẹn, tó bá fi máa tó wákàtí mélòó kan ara ẹ̀ á le, àwọ̀ ẹ̀ á sì padà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. O ò mẹ́nu ba ooru rárá nínú lẹ́tà ẹ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni dubia ti wá, tínú ike ò bá gbóná tó 28 sí 33 Celsius wọn ò ní bímọ dáadáa, tó bá wá lọ sílẹ̀ ju 20 lọ, wọ́n á jẹun, wọ́n á rìn, àmọ́ kó o má retí ọmọ. Wá hítà pẹlẹbẹ tó lè dá ara ẹ̀ pa tó bá ti gbóná tó, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike náà níta, apá kan ṣoṣo o, kí apá kejì tutù díẹ̀ kí wọ́n lè yan ibi tó bá wù wọ́n. Má fojú díwọ̀n o, ki tẹmómítà bọ àárín páálí ẹyin tí wọ́n ń sá sí, ooru ibẹ̀ ló kàn wọ́n, kì í ṣe ti ìdérí.

Ó tún gba sùúrù. Abo dubia kì í yé ẹyin sílẹ̀, inú ẹ̀ ló ń gbé e sí títí ọmọ á fi pọn, ó sì máa ń tó nǹkan bí oṣù 2 kó tó bí 20 sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ yẹn á tún lò tó oṣù 4 sí 6 kí wọ́n tó dàgbà. Torí náà wo èyí tí wọ́n tà fún ẹ dáadáa: akọ tó ti dàgbà ní ìyẹ́ gígùn tó bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, ti abo kúkúrú gan-an, ẹ̀yìn orí ló mọ, èyí tí ò bá ní ìyẹ́ rárá, ọmọdé ni. Akọ kan sí abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó, akọ tó bá pọ̀ jù ni kó o máa fún alángbá ẹ jẹ. Jọ̀ọ́ má fọwọ́ kan abo kankan ní báyìí.

Omi tó ò ń wọ́n yẹn ló fa òórùn, fi sílẹ̀ láti òní. Ìgbẹ́ wọn tó bá gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, ó dà bí iyanrìn ni, tó bá tutù ló máa ń bu tí kòkòrò wínníwínní á sì bò ó. Kárọ́ọ̀tì àti ọsàn ti lómi tó fún wọn, ṣáà máa kó àjẹkù kúrò kó tó jẹrà. Gé ihò sí ìdérí, fi nẹ́ẹ̀tì irin bò ó, kó o sì to páálí ẹyin lóòró kí ìgbẹ́ lè máa já bọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ má fún wọn ní oúnjẹ ajá tàbí ti ológbò ṣáá o, protein inú ẹ̀ pọ̀ jù, ara wọn ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí ẹ̀ pa mọ́ sí, alángbá ẹ ló sì máa gbé e mì. Calcium ò tó lára aáyán, máa bu lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ sí i kó o tó fún un jẹ.

Má sì máa fọ ike yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ń gbé inú ìgbẹ́ yẹn, wọ́n tún ń jẹ ẹ́. Tó bá pọ̀, fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kó o tó dà á nù, kó o sì wọ máàsìkì, torí eruku ẹ̀ máa ń jẹ́ káwọn kan máa sín, ó sì léwu fẹ́ni tó ní ikọ́ fée.