Ẹ Bi Màmá Oníwèé: Kọ́bọ́ọ̀dù Ìwé Wa Ń Jẹ Eruku Nílé

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ abúlé wa, ẹ̀ka Èkó. Ilé ò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. A dáwó jọ, a ṣa ìwé jọ, a ra kọ́bọ́ọ̀dù méjì, a sì gbé gbogbo rẹ̀ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a lọ ṣọdún Iléyá, agádágodo la bá lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ kí ìwé sọnù. Àwọn kan lẹ́gbẹ́ ní ará oko ò fẹ́ràn ìwé, kí á fi owó tó kù ra jẹnẹrétọ̀. Àwọn mìíràn ní kí á tún kó ìwé sí i. Kí ni kí á ṣe? Akọ̀wé, Múṣin.

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú ìnáwó ìlú. Ilé ìkàwé ní Yábàá ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú kọ́bọ́ọ̀dù yín yìí kì í ṣe àjèjì sí mi.

Ọ̀rọ̀ pé ará oko ò fẹ́ràn ìwé yẹn ń bí mi nínú. Nígbà tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, dá ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ohun tó ń wá ni kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, àwọn èèyàn sì ń rà á, nítorí Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìlú ló sì wà nínú rẹ̀. Mélòó ló jẹ́ Yorùbá nínú èyí tí ẹ gbé lọ sílé? Ẹ ò sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo lè búra pé ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀, àti ìwé ìṣirò owó tí ọmọ yunifásítì kan ti lò gbó. Ẹ kó wọn padà wá, kí ẹ tà wọ́n fún àwọn oníwèé àlòkù Ojúẹlẹ́gbà, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra ìwé ìtàn Yorùbá.

Ẹ tún ro ti àwọn àgbà. Ẹni tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ ní 1955 ti kọjá àádọ́rin ọdún báyìí. Ó mọ Yorùbá kà dáadáa, ojú ni kò gbé e mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ìwé kan sí i, ẹ ra jígí ìkàwé ní Ìdúmọ̀tà, oríṣiríṣi nọ́ńbà, kí ẹ so okùn mọ́ ọn kó máa wà nídìí ìwé. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn. Mo yá bàbá kan ní jígí ojú mi rí ní ilé ìkàwé, kò dá a padà fún mi títí a fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ọ́fíìsì ọ̀gá kọ́ ni ibi tó yẹ. Ọ̀sán ni ilé ìwé ń parí, ìrọ̀lẹ́ ni àgbẹ̀ ń ti oko dé, bí wọ́n bá sì gba họlidé, ó parí nìyẹn. Ẹ wá aránṣọ tàbí onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń ṣí di alẹ́, kí ẹ máa fún un ní nǹkan lóṣooṣù. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó: orúkọ ẹni, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ tó gbé e. Ẹ fi nọ́ńbà Dewey, tí ilé ìkàwé fi ń to ìwé ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, sílẹ̀ fún àwa tí ìwé wa pọ̀. Ẹ fi máákà kọ 1, 2, 3 sí ẹ̀yìn tiyín.

Ìwé á sọnù o! Kò sí ìgbà tí a ka ìwé wa ní Yábàá tí kò dín. Ọ̀gá yẹn kì í ṣe ahun. Ó ti buwọ́ lùwé pé òun gba ìwé báyìí báyìí, ẹ̀rù sì ń bà á pé ẹ óò ní kó san án lọ́jọ́ kan. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, èmi náà á tì í pa. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí alága buwọ́ lù ú, pé ẹgbẹ́ ò ní bi í ní ìwé tó bá sọnù. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì ju páálí ìwé mẹ́wàá lọ.

Àwọn ìyá tí wọn ò mọ̀wé kà ńkọ́? Ẹ wá ọmọ girama kan tí ohùn rẹ̀ já gaara, kó máa ka ìtàn sókè fún wọn ní alẹ́ Sátidé, kó sì máa dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná. Àwọn ọmọ wọn ni wọn yóò máa bẹ̀ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n lọ yá a wá.

Jẹnẹrétọ̀ kọ́, ta ni yóò máa ra epo sí i? Iná sólà kékeré tó fún ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù sínú agolo mílíìkì tí ẹ bu ọ́ìlì mọ́tò àlòkù sí, nítorí ikán, kí aránṣọ sì máa bu òmíràn sí i bó bá ti ń gbẹ.