Mo kọ ojú-ewé 24 fáwọn tíṣà, kò sẹ́ni tó ṣí i

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣe tíṣà ní Kétu, ní Benin níbí. Wọ́n fún wa ní pátákó oníná yẹn, TBI, èyí tí ojú kọ̀ǹpútà máa ń hàn lórí ẹ̀ téèyàn á fi péènì ẹ̀ kọ nǹkan, pẹ̀lú pírójẹ́tọ̀ àti kọ̀ǹpútà tí OpenBoard, sọ́fítíwíà tá a fi ń kọ nǹkan sórí pátákó náà, wà lórí ẹ̀. Torí pé mo mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀, dirẹtọ̀ ní kí n kọ́ àwọn tíṣà 9 tó kù. Mo kọ ìwé ojú-ewé 24, mo ṣe fótókọ́pì ẹ̀ fún gbogbo wọn, a lo ọjọ́ Àbámẹ́ta kan gbáko, ṣùgbọ́n títí dòní ẹnu mi ni wọ́n ṣì ń wò. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú wàhálà. Má bínú sí wọn, ìwé yẹn ni. Mi ò tíì rí i o, àmọ́ mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé bó ṣe lọ nìyí: ojú-ewé kìíní "kí ni TBI", lẹ́yìn náà ìtàn ẹ̀, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì tó wà lápá òsì, èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó tún tẹ̀ lé e... Èmi náà ti ṣe é rí. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ fáwọn tíṣà kan l'Ájàṣẹ́ níbí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ SMART ní Kánádà gbé irú pátákó yìí jáde, bíi pé ìyẹn ló máa gba ẹni tí ogójì ọmọ ń wò lójú sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ́ ni ìwé yẹn wà fún. Lọ́jọ́ yẹn ìwọ fúnra ẹ wà níbẹ̀, ẹni tí nǹkan bá rú lójú á bi ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló wà fún, nígbà tí tíṣà dá dúró síwájú kíláàsì, tó fi ọwọ́ kan mú péènì TBI, ọwọ́ kejì mú ìwé. Ọwọ́ kan ṣoṣo ò lè máa ṣí ojú-ewé 24. Bébà kan ni kó o fún un, iwájú àti ẹ̀yìn, lẹ́tà gàdàgbà, ó parí.

Má to bọ́tìnnì síwájú, iṣẹ́ ni kó o tò. "Mo fẹ́ kọ nǹkan." "Mo fẹ́ nu ún." "Mo fẹ́ ojú-ewé tuntun." "Mo fẹ́ gbé àwòrán wọlé." "Ẹ̀kọ́ tí mo ṣe lánàá dà?" Márùn-ún yìí tó wọn fún oṣù kìíní, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń lé tíṣà sá. OpenBoard kì í ní kó o tẹ nǹkan kó tó pa iṣẹ́ mọ́ bíi ti Word, fúnra ẹ̀ ló ń pa á mọ́, àmọ́ tó o bá tún ṣí i, ojú-ewé funfun tuntun ló máa kí ẹ, àti pé tó ò bá sọ ẹ̀kọ́ àná lórúkọ, déètì àti àkókò ló máa fi sọ ọ́. Ìyá olùkọ́ kan tí mo mọ̀ ya máàpù Benin, ó fi búlúù fa odò Ouémé látòkè délẹ̀, ó rẹwà gan-an. Lọ́jọ́ kejì ó ṣí i, funfun báláú. Ó tún un yà. Lọ́jọ́ kẹta ó lọ mú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀. Máàpù méjèèjì wà nínú Documents, ibi tí OpenBoard ń kó ẹ̀kọ́ pa mọ́ sí, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́. Ìlà mẹ́ta péré nínú ìwé mi ni ì bá yanjú ẹ̀, mi ò kọ ọ́, ìtàn Kánádà ni mò ń kọ.

Àwòrán bọ́tìnnì, orí kọ̀ǹpútà iléèwé yín gan-an ni kó o ti yà á, má lọ kó o lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí tiyín lè jẹ́ Faransé kí tiwọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gé e kó ku bọ́tìnnì nìkan. Tó o bá fi gbogbo ojú kọ̀ǹpútà síbẹ̀, ẹ̀rọ fótókọ́pì á sọ ọ́ di èédú. Orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n àlàyé ẹ̀, fi Yorùbá kọ ọ́ tí gbogbo yín bá ń sọ ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ "dì í mú, fà á, kó o tó fi í sílẹ̀", kò sẹ́ni tí ò yé.

Ẹ̀yìn bébà, wàhálà nìkan ni kó o kọ síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni tí ìkọ̀wé bá ń bọ́ síbòmíràn tí péènì ò sí: ẹnì kan ti ti pírójẹ́tọ̀ tàbí tábìlì ni, ẹ ní láti tún pátákó náà tò, kẹ́ ẹ máa tẹ àwọn àmì tó bá yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú sọ́fítíwíà pátákó fúnra ẹ̀ nìyẹn máa ń wà, kò sí nínú OpenBoard, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń wá a títí tó fi ń sú wọn, torí náà lọ wò ó lórí kọ̀ǹpútà yín kó o kọ ọ̀nà ibẹ̀ sílẹ̀. Ìkejì, kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má fi marker gidi kọ nǹkan sórí ẹ̀. Má rẹ́rìn-ín, mo ti fi ọwọ́ ara mi nu ọ̀kan rí. Iná lílọ ńkọ́? Kọ "ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì dání", kó o kọjá.

Kó o tó ṣe fótókọ́pì 9, mú ẹyọ kan fún tíṣà tí ò wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àgbà nínú wọn ló dáa jù. Ní kó fi kọ ìṣirò kan sórí pátákó. Ká ọwọ́ gbera, má sọ̀rọ̀, bó ti wù kó dùn ẹ́ lẹ́nu tó. Ibi tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti dúró lórí afẹ́fẹ́, fi bírò fa ìlà síbẹ̀ nínú ìwé tìrẹ, ibẹ̀ ni wàá tún kọ.

Ojú-ewé 24 yẹn, má jù ú nù o. Fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ìwọ ni wàá máa lò ó.