Kí ló mú kí ìdílé Taira pàdánù ogun ojú omi Dan-no-ura?

Ọ̀dàlẹ̀ ni mo kà sí olórí ìdí, ká tó wá sọ̀rọ̀ omi. Oṣù Kẹrin ọdún 1185 ni wọ́n jà á, ní ọ̀nà omi tóóró tó pín erékùṣù Honshu àti Kyushu níyà ní Jàpáánì. Taira no Tomomori ló kó ọkọ̀ Taira jáde, Minamoto no Yoshitsune sì kó ti Minamoto, ìdílé tó ń bá Taira jà.

Ọfà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta síra wọn. Bí ọkọ̀ bá ti kanra, wọ́n á fò bọ́ sínú ti ọ̀tá, ó wá di idà. Omi ibẹ̀ le gan-an, ó sì máa ń yí ibi tó ń ṣàn sí padà lóòjọ́. Ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ gbe Taira, kó tó yí padà gbe Minamoto.

Àárín ìjà ni Taguchi Shigeyoshi, ọ̀gágun Taira, dà wọ́n. Taira ti fi àwọn jagunjagun pamọ́ sínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n wá kó àwọn èèyàn pàtàkì sínú ọkọ̀ kékeré kí ọ̀tá lè ṣìnà. Òun ló tú àṣírí náà. Àwọn Minamoto ta àwọn atukọ̀ Taira lọ́fà, ọkọ̀ tí kò sì ní atukọ̀ kò lè yí, kò lè sá. Antoku, ọba Jàpáánì tó wà lọ́dọ̀ Taira, ọmọ ọdún 6, kú sómi. Ní 1192, Minamoto no Yoritomo, ẹ̀gbọ́n Yoshitsune, gba oyè ṣógùn, ìyẹn olórí ológun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà.